Ìbéèrè Kan Péré fún Bàbá Kúkọ̀yí

"Tún un kà sí mi létí," ni Gbádébọ̀ wí.

Abíọ́nà ti kà á fún un lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ yẹn, ó sì tún un kà lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di páálí tí wọ́n tẹ ìbéèrè náà sí mú bí ẹni pé atẹ́gùn fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọgbọ́n wo ni ẹ dá, sà, tí orílẹ̀-èdè mẹ́fà fi fẹnu kò lórí Àdéhùn Omi-Dídùn láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo?"

Gbádébọ̀ ni olórí kíláàsì wọn, ó sì fẹ́ràn ipò náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó yọ "sà" kúrò níbẹ̀, Akọ̀wé, ẹ̀rọ tó ń gba ẹ̀rí sílẹ̀, kò nílò rẹ̀. Ó tún rán an létí ohun tó ṣe kíláàsì tó ṣáájú wọn: ẹni tó bèèrè fún wọn so ìbéèrè méjì pọ̀, Akọ̀wé gba ti àkọ́kọ́, ó da èkejì nù, wọ́n sì bá ara wọn jà fún odidi ọdún kan. Ìbéèrè kan fún àlejò kan, òfin nìyẹn. Wákàtí kan ni àlejò fi ń sọ ohun tó bá wù ú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà iná Akọ̀wé á tàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bá wọ̀ ọ́ létí ló máa gbà. Tí olùbéèrè bá gba ìdáhùn àlejò, á wọ inú Ìwé Àwọn Orílẹ̀-èdè, á dúró bí ẹ̀rí tí èèyàn jẹ́ nílé ẹjọ́.

"Orí ohun tí bàbá yẹn bá sọ ni ìdánwò wa tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wà," ni Gbádébọ̀ wí. "Èèyàn mọ́kànlélógún ló dìbò fún ìbéèrè yìí, Abíọ́nà. Má fi wá ṣeré o."

Abíọ́nà ní òun ò jẹ́ fi wọ́n ṣeré. Irọ́ funfun báláú ló ń pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọbìnrin náà kó tó wọlé. Ìbéèrè mìíràn ni, kò sí lórí páálí kankan. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn baálé mẹ́tàdínlógún ti Òde-Ìrẹ̀nà fúnra wọn ló tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn náà. Òde-Ìrẹ̀nà ni ìlú àwọn òbí rẹ̀, létí òkun níbi tí ẹ̀rọ ńlá tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun wà báyìí. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló ń mu omi rẹ̀. Àdéhùn Omi-Dídùn sọ pé tinútinú ni àwọn baálé fi yọ̀ǹda ilẹ̀ náà, ìtẹ̀ka mẹ́tàdínlógún sì wà nísàlẹ̀ ìwé. Àwọn ará ìlú ní irọ́ ni, wọ́n ní kò sẹ́ni tó tẹ̀ka. Wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wọn dé Àgọ́ Kẹta, apẹja paraku tí wọ́n kó lọ síbi tí kò sí odò, tí wọ́n sì fún ní igi pákí pé kí wọ́n máa gbìn. Ta ló máa gbọ́? Ilé ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè kì í gba ẹ̀rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó bá tọwọ́ bọ ìwé fún ìjọba. Nínú gbogbo àwọn yẹn, Bàbá Kúkọ̀yí nìkan ló ṣẹ́kù láyé, òun sì ni àlejò òní.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wà yìí. Tó bá di ọjọ́ Sátidé, àdéhùn náà á pé ọgbọ̀n ọdún, wọ́n á tì í pa, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó lè ṣí i mọ́.

Ṣé ẹ rí wàhálà ọmọ náà? Tó bá bèèrè ti kíláàsì, ìlú òbí rẹ̀ lọ nìyẹn. Tó bá bèèrè tirẹ̀, lónìí náà ni yóò kẹ́rù jáde nílé ẹ̀kọ́, nítorí ẹni tó bá yí ìbéèrè tí wọ́n dìbò fún padà kì í sun ibẹ̀ mọ́jú. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà láti Àgọ́ Kẹta láàárín ọdún mẹ́wàá, òun sì ni ọmọ náà. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ kò tíì sọ fún ẹnì kankan: kò dá a lójú pé òótọ́ ni àwọn ará àgọ́ ń sọ. Tó bá wá bèèrè, tí bàbá náà ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn baálé ló tẹ̀ ẹ́, ńkọ́? A jẹ́ pé òun ti fi ọwọ́ ara òun ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n ju fóònù etí wọn sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ju pẹ́ńsù, wọ́n bọ́ òrùka tó ń gba ohùn sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ méjìlélógún láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án jókòó, wọ́n káwọ́ lé itan bí ọmọ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Aṣojú nìyẹn, lórí òkè Ìdànrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníhún, obìnrin tó ń darí ibẹ̀, ló gbà pé kò sí ìwé tó lè kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ yìí tán. Ó máa ń sọ pé ìwé á sọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí fún yín, kò ní sọ ẹni tí ebi ń pa nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Nítorí náà ló ṣe ń wá àwọn tó wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdéhùn kiri, ó ń kọ̀wé sí wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó sì ń gbé wọn gun òkè wá kí wọ́n tó kú. Bàbá Kúkọ̀yí, ọdún mẹ́ta ló fi bẹ̀ ẹ́.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n mú bàbá náà gbà wọlé, nítorí àlejò àti olùbéèrè kò gbọdọ̀ bára wọn sọ̀rọ̀ títí iná yóò fi tàn. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, ó di ọ̀já Akọ̀wé mọ́ ọrùn ọwọ́, ọ̀já tí yóò máa gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń sáré tó bá tó àkókò. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ wà lórí tábìlì, dúdú, ó tóbi tó agbè ẹmu, ojú kan ṣoṣo ló ní.

Abíọ́nà ti múra láti kórìíra ọkùnrin náà. Ó mà ṣe o, bàbá náà dùn ún gbọ́. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Ó sọ ti aṣojú kan tó sùn lọ nídìí tábìlì, tó ń hanrun, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò ní àtakò. Ó sọ pé ọ̀rọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ aṣojú, ìdúró ni. Ó ní kí wọ́n wá ẹni tí nǹkan ń kán lójú jù nínú yàrá, kí wọ́n rí i pé kò kúrò níbẹ̀ láìtọwọ́ bọ̀wé, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Ó ní òun máa ń ránṣẹ́ sí alásè pé kó má tètè gbé oúnjẹ wá. Gbádébọ̀ ń mi orí, ó ń pè é wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu, ó ń há gbogbo rẹ̀ sórí. Abíọ́nà náà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan kó tó rántí ara rẹ̀, inú sì bí i sí ẹ̀rín náà.

Ṣùgbọ́n ó ń wo ojú bàbá náà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì wú. Nígbà tó ń sọ̀rọ̀, ó wo gbogbo ìlà àga, ó sì fo ìlà tí Abíọ́nà jókòó sí.

Wákàtí kan pé. Iná Akọ̀wé tàn, ó funfun.

Abíọ́nà dìde. Ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá ló wà láti orí àga rẹ̀ dé àmì pupa tó wà níwájú àlejò, ó sì ń gbé wọn bí ẹni tó ń lọ gba ìdájọ́. Ó gbé ti kíláàsì yẹ̀ wò, ó gbé tirẹ̀ yẹ̀ wò, títí ó fi dé orí àmì náà kò tíì mú ọ̀kan. Ó gbójú sókè. Arúgbó kan ló wà níwájú rẹ̀, ó tó bàbá bàbá rẹ̀, àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀, wọ́n sì ti jọ wà nínú yàrá kan náà fún wákàtí kan tí kò tíì kí i. Orúnkún rẹ̀ kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Mo ti gba ìbéèrè," ni Akọ̀wé wí, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó dà bíi ti oníròyìn rédíò. "Ṣé ẹ sùn dáadáa. Kí àlejò dáhùn."

Gbádébọ̀ ká ọwọ́ lérí. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà tó jókòó tì í ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kò yé e. Báwo ló ṣe fẹ́ yé e? Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn ti dúró lórí àmì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti bi àlejò ní ìbéèrè gbọnmọ-gbọnmọ, wọ́n sì ti padà jókòó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, tí ìyá rẹ̀ ti fi àbàrá kọ́ ọ kí ó tó lè rìn dáadáa, kò lè dúró ṣánṣán níwájú ẹni ọgọ́rin ọdún láàárọ̀ kó máa bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọlọ́pàá. Ẹsẹ̀ á kúnlẹ̀, ẹnu á kí i. Kò sí ẹni tó rántí kìlọ̀ fún un, Gbádébọ̀ pàápàá kò rántí, nítorí òun náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Abíọ́nà kò lè dìde nílẹ̀. Ti kíláàsì ti lọ, tirẹ̀ ti lọ, Òde-Ìrẹ̀nà ti lọ, ó fi gbogbo rẹ̀ kí èèyàn. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó gbójú sókè wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníhún, obìnrin náà sì rọra mi orí. Ó ní òfin ni òfin. Ó wá yíjú sí àlejò, ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kan péré ti tó, wọn ò ní dá a dúró.

"Rárá," ni Bàbá Kúkọ̀yí wí.

Ojú Akọ̀wé di àwọ̀ ewé, èyí tó túmọ̀ sí pé òótọ́ ló sọ. Tó bá jẹ́ irọ́ ni, pupa ni ì bá jẹ́. "Ṣé ìdáhùn ti parí?"

Ó yẹ kó sọ pé ó ti parí. Ọkọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkè, tó bá sì di ọjọ́ Sátidé kò ní sí ẹni tó lè bi í ní nǹkan kan mọ́ láyé yìí. Gbogbo yàrá náà ń dúró dè é. Bàbá náà wo ọmọ tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Kò tíì parí," ló wí. Ó ní kí wọ́n gbé àga fún òun. "Dìde, ọmọ mi. Mi ò sùn, màá sọ ìdí rẹ̀. Àná ni wọ́n fún mi ní ìwé ètò, mo sì rí orúkọ ẹni tó máa bi mí ní ìbéèrè. Abíọ́nà Adémúlẹ́gùn. Mo mọ Adémúlẹ́gùn kan rí, ní Òde-Ìrẹ̀nà. Dáfídì ni wọ́n ń pè é."

Dáfídì ni orúkọ bàbá Abíọ́nà.

"Àwọn baálé mẹ́tàdínlógún kò tẹ̀ka," ni arúgbó náà ń bá a lọ. "Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, mo halẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n dìde, wọ́n lọ sílé. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ń dúró dè mí, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ní àwọn máa túká. Mo ń padà sí èbúté ni mo bá Dáfídì níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó lè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ni tèmi. Mo sọ fún un pé ọkọ̀ mi ò ní kúrò níbẹ̀ títí ìtẹ̀ka á fi pé. Ó tẹ ti àtàǹpàkò. Mo ní kò tíì pé. Ó lo ìka ọwọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo ní ó ku méje. Ó bọ́ bàtà, ó lo ìka ẹsẹ̀. Ẹ wo ìwé náà dáadáa, ẹ máa rí i. Kò sẹ́ni tó wò ó rí. Inú ọkọ̀ ni wọ́n bí ọmọ náà sí kí a tó gúnlẹ̀, mo sì gbọ́ igbe rẹ̀. Ó ti parí."

Ojú Akọ̀wé kò yí padà rárá. Àwọ̀ ewé ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Abíọ́nà kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ohun tó ń wá ló rí yìí, ó sì pé ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ta ni kò mọ Dáfídì Adémúlẹ́gùn ní Àgọ́ Kẹta? Ó ti kú, wọ́n sì kọ ọ́ sára ibojì rẹ̀ pé òun ló kẹ́yìn kúrò ní Òde-Ìrẹ̀nà. Wọ́n máa ń mú ọmọdé lọ síbẹ̀. Tí ìpàdé bá wà, àga iwájú ni wọ́n ń fún ìyá rẹ̀. Ní gbogbo ọdún yìí, lábẹ́ òrùn, níbi tí wọ́n ti ń tu igi pákí, àwọn ará àgọ́ ti ń bèèrè ẹni tó tẹ̀ka náà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Kí olùbéèrè sọ bóyá ó gbà," ni Akọ̀wé wí. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ó bi Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníhún bóyá wọ́n lè yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀. Obìnrin náà ní kò ṣeé ṣe, odidi ni tàbí kó má sí. Tó bá gbà á, wọ́n á kà á lórí gbohùngbohùn lágogo méjìlá ọ̀sán yìí níbi gbogbo tí àdéhùn náà kàn, Àgọ́ Kẹta sì wà lára wọn. Tó bá kọ̀ ọ́, Akọ̀wé á pa á rẹ́, kò sì sí ẹni nínú yàrá yìí tó gbọdọ̀ tún un sọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ó ń ro ohun tí wọ́n máa ṣe fún ibojì náà. Ó ń ro ìyá rẹ̀ lórí àga iwájú, tí ohùn náà á máa jáde láti òkè orí rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Ọkàn rẹ̀ sì ń sọ fún un pé òun gan-an, ẹni tí yóò pé ọgbọ̀n ọdún lọ́jọ́ Sátidé, ni wọ́n fi ìlú náà rà, igbe òun ni bàbá yìí gbọ́.

"Tí o bá kọ̀ ọ́, ọmọ mi, mi ò ní bínú," ni Bàbá Kúkọ̀yí rọra wí. "Èmi náà á padà sílé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jí i. Bàbá náà kì í ṣe èèyàn burúkú lójú ara rẹ̀, ó tún ń ṣàánú rẹ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n ó ti tún jókòó ti ẹni tí nǹkan ń kán lójú, ó ń dúró dè é. Inú bí Abíọ́nà débi pé ẹ̀rù kò ba á mọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó sì lo àkókò náà.

"Mo gbà á," ló wí. "Gbogbo rẹ̀."

Iná kú. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbádébọ̀, ó rò pé yóò bú òun nítorí ìdánwò wọn, ṣùgbọ́n ńṣe ni ọmọkùnrin náà dìde fún un.

Ó wá fóònù etí rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, ti ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ mú. Ó jáde sórí àpáta lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó pe ìyá rẹ̀. Màmá ń bó pákí, ó gbọ́ bí ọ̀bẹ ṣe ń ha á. Abíọ́nà ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní wọ́n máa ka nǹkan kan lórí gbohùngbohùn lágogo méjìlá, òun sì fẹ́ kí Màmá gbọ́ ọ lẹ́nu òun kí wọ́n tó gbọ́ ọ lójúde. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, ti èbúté, ti ọkọ̀, ti ìka mẹ́tàdínlógún. Kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ó gbọ́ tí Màmá ti ọpọ́n pákí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé wọ́n á dá ilé padà fún wa?" ni Màmá wá bèèrè.

"Ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, Màmá. Wọn ò lè tì í pa mọ́." Ó bú sẹ́kún níbẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, mà. Mo sọ orúkọ Bàbá di èyí tí wọ́n á máa fi bú èèyàn."

"Dákẹ́. Ohun tí bàbá yẹn sọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó ṣẹ́kù." Màmá mí kanlẹ̀. "Bàbá rẹ tẹ ọ̀kan, ó ju ìwé náà nù, ó ní òun ò ṣe mọ́, pé kí a jọ kú síbẹ̀. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí mi, ó fẹ́ lọ pe àwọn baálé. Ilẹ̀ èbúté ni mo jókòó sí, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo ní èmi ò fẹ́ kú, mo ní mo fẹ́ rí ọmọ mi. Èmi ni mo bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Abíọ́nà. Kò bọ́ ọ fúnra rẹ̀."

Abíọ́nà yíjú sí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn.

"Padà wọlé lọ bá ọ̀gá yín," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bẹ̀ ẹ́ kó wá àyè sí i kó tó di agogo méjìlá. Wọn ò gbọdọ̀ dá Dáfídì nìkan kà. Ní kí wọ́n kọ orúkọ tèmi, Ibídùn, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."